Robert Quine àti Ẹ̀rọ Agbohùnsílẹ̀ Rẹ̀

Orin tí a kọ lójú agbo, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbà sílẹ̀, dà bí ìrì òwúrọ̀: bí oòrùn bá ti yọ, a kì í rí i mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ orin ẹgbẹ́ Velvet Underground ìbá ti ṣègbé, bí kò ṣe ti ọkùnrin kan tí ó fẹ́ràn wọn.

Ìlú New York ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì yìí ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwo orin wọn àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1967, àwọn tí ó rà á kò pọ̀. Orin náà le létí ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì ń kọ àwọn mìíràn lóminú.

Ṣùgbọ́n ojú olójú kò dà bí ojú ẹni. Robert Quine, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ òfin tí ó sì ń ta gìtá, kò wo ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní ọdún 1969, nígbà tí ẹgbẹ́ náà ṣeré ní ìlú Saint Louis àti ní San Francisco, ó gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kékeré kan dání, ó sì ń gba orin wọn sí inú kásẹ́ẹ̀tì. Lóòótọ́, ohùn inú rẹ̀ kò mọ́ gaara. Ohùn akọrin, ìlù àti gìtá wọnú ara wọn.

Síbẹ̀, ohun tí kò sí nínú àwo wà níbẹ̀. Orin “Sister Ray” gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 17 nínú àwo wọn tí ó jáde ní ọdún 1968. Nínú kásẹ́ẹ̀tì Quine, ọ̀kan kọjá ìṣẹ́jú 30. Bí wọ́n ti kọ ọ́ lónìí kọ́ ni wọn yóò kọ ọ́ lọ́la.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1970, Lou Reed, olórí akọrin wọn, fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Quine kò da kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nù. Ó ń gbọ́ wọn, ó sì ń rí ẹ̀kọ́ kọ́ nínú wọn fún gìtá tirẹ̀, títí òun náà fi di ìlú-mọ̀ọ́ká. Ní ọdún 1982, òun ni ó bá Lou Reed ta gìtá nínú àwo “The Blue Mask”.

Nígbà tí ó fi di ọdún 2001, ayé ti mọ iyì Velvet Underground. Ní ọdún náà ni wọ́n gbé orin inú kásẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí jáde ní àwo mẹ́ta. Quine kú ní ọdún 2004, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti rí èrè sùúrù rẹ̀.

Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ mọ iyì ohun kan, òun ni títọ́jú rẹ̀ já lé léjìká. Bí ó bá dúró di ìgbà tí gbogbo ènìyàn yóò yìn ín, ohun náà lè ti bọ́ sọnù.