Aloha Lẹ́nu Iṣẹ́ àti Nínú Ilé

Bíbélì kíkà: 1 Kọ́ríńtì 13:4–7, Kólósè 3:12–14

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí ọ̀rọ̀ kan tí kì í ṣe ti èdè wa. Àwọn ará Hawaii, erékùṣù tó wà láàárín Òkun Pàsífíìkì, ló ni ín. Ọ̀rọ̀ náà ni aloha. Bí wọ́n bá pàdé, aloha ni. Bí wọ́n bá ń dágbére, aloha náà ni. Àwọn tó ń gba àlejò ní pápá ọkọ̀ òfuurufú ń sọ ọ́, wọ́n sì ti fi sọ ṣẹ́ẹ̀tì olódòdó lórúkọ. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé “ẹ ǹ lẹ́ o” lásán ni. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn míṣọ́nárì láti Amẹ́ríkà gúnlẹ̀ sí Hawaii ní 1820. Ní 1839 ni odidi Bíbélì jáde ní èdè ilẹ̀ náà. Nígbà tí àwọn olùtumọ̀ dé 1 Jòhánù 4:8, níbi tí Àpọ́sítélì ti sọ ohun tí Ọlọ́run jẹ́, wọn kò wá ọ̀rọ̀ mìíràn kiri: aloha ni wọ́n kọ. Òun náà ni wọ́n fi túmọ̀ ìfẹ́ nínú 1 Kọ́ríńtì 13. Ọ̀rọ̀ tí obìnrin ibẹ̀ fi kí aládùúgbò rẹ̀ láàárọ̀ ni ó tún ń bá pàdé nínú Ìwé Mímọ́.

Àwọn kan máa ń là á sí méjì: alo, èyí tí í ṣe iwájú ẹni, àti hā, èémí. Wọ́n á ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé èémí ìyè wà láàárín èmi àti ìwọ. Ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀. Àwọn Maori ní New Zealand ń pè é ní aroha, àwọn ará Samoa sì ń pè é ní alofa. Ogún àtijọ́ kan náà ni gbogbo wọn jọ pín. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni nínú wa má baà gbé e gun orí pẹpẹ lọ́jọ́ Àìkú àwọn obìnrin.

Ẹni tó là á yé gbogbo ènìyàn jù lọ ni ìyá àgbà kan, Pilahi Paki, olùkọ́ èdè àti àṣà Hawaii. Ní 1970, níbi àpérò tí ìjọba pè nípa ọjọ́ iwájú àwọn erékùṣù náà, ó mú lẹ́tà márààrún inú aloha, ó so ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́ wọn: akahai, ìwà pẹ̀lẹ́, lōkahi, ìrẹ́pọ̀, ʻoluʻolu, ọ̀yàyà, haʻahaʻa, ìrẹ̀lẹ̀, ahonui, sùúrù. Ní 1986, ìpínlẹ̀ Hawaii sọ ọ́ di òfin. Òfin náà kò ní ìjìyà kankan. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tó bá sọ̀rọ̀: gómìnà, àwọn aṣòfin, àwọn adájọ́. Kì í ṣe ọmọbìnrin tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní hòtẹ́ẹ̀lì ni ó ní kó máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹni tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ní kó ro ọ̀rọ̀ wọ̀nyí bó ti ń lo agbára náà.

Ọ̀yàyà àti ìrẹ́pọ̀ kò jìnnà sí wa. Ẹ wo bí a ti ń ṣe lọ́jọ́ ìkórè. Èyí tó kẹ́yìn ni mo fẹ́ ká dúró lé lórí. Aho ni èémí, nui ni ńlá. Èémí gígùn ni sùúrù lójú àwọn ará Hawaii.

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìn tì. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ìyá àgbà kan dé iwájú tábìlì mi. Èrò tò lẹ́yìn rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Mo ní, “Káàdì yín dà?” Ìyá tú àpò, ó tú etí ìró, kò rí i. N kò gbójú kúrò nínú ìwé tí mo ń kọ. Mo jágbe mọ́ ọn pé kó yẹra fún ẹni tó mọ ohun tó wá ṣe. Ìgbà tí n ó fi gbójú sókè, ìyá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀. “Ẹ má bínú, nọ́ọ̀sì.” Ẹni tó lè bí ìyá mi! Ọmọ kékeré tó dì í lọ́wọ́ mú ni káàdì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà náà ni mo tó rántí pé n kò tilẹ̀ kí i. Àwa Yorùbá tí a ní ìkíni fún ẹni tó ń jẹun, fún ẹni tó ń dirun, fún ẹni tó jókòó lásán, n kò rí ọ̀kan ṣoṣo sọ fún un. Mo bẹ̀ ẹ́, ó ní kò sí nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tí mo rí lójú rẹ̀ lọ́jọ́ náà kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Kí n mí lẹ́ẹ̀kan, kí n gbójú sókè, kí n ní “Ẹ káàárọ̀, mà,” kò ní gba àkókò tó èyí tí mo fi jágbe.

Ẹnìkan lè wí pé, “Àwa tí wọ́n ń rẹ́ jẹ ńkọ́? Ṣé sùúrù náà ni?” Ìbéèrè yìí tọ́, Hawaii fúnra rẹ̀ sì ti dáhùn rẹ̀.

Liliʻuokalani ni ọba obìnrin tó jẹ kẹ́yìn níbẹ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1893, àwọn oníṣòwò kan gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà sì wà ní ìgboro Honolulu lọ́jọ́ náà. Ó dunni pé àwọn ọmọ míṣọ́nárì wà lára àwọn tó ṣe é. Ní 1895, lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn rẹ̀ dìde láti gbà á padà tí kò bọ́ sí i, wọ́n ti ìyá yìí mọ́ yàrá kan lókè ààfin rẹ̀, ʻIolani, fún nǹkan bí oṣù mẹ́jọ. Ibẹ̀ ni ó ti ń gán àjákù aṣọ pọ̀ di aṣọ ìbora, tó ṣì wà ní ààfin náà di òní. Ibẹ̀ ni ó ti kọ orin àdúrà kan tí aloha wà nínú orúkọ rẹ̀, nínú èyí tó ti bẹ Ọlọ́run pé kó dárí ji àwọn tó ṣẹ̀.

Ó dárí jì wọ́n, ṣùgbọ́n kò sọ pé ohun tí wọ́n ṣe dára. Nígbà tó jáde, ó gba Washington lọ, ó fi ẹ̀hónú rẹ̀ hàn ní 1897, ó sì kọ ìwé nípa ọ̀rọ̀ náà ní 1898. Àwọn obìnrin kò sì dá a dá a. Wọ́n ní ẹgbẹ́ tiwọn, Hui Aloha ʻĀina, ẹgbẹ́ ìfẹ́ ilẹ̀ bàbá wọn, Abigail Campbell sì ni ààrẹ wọn. Ní 1897, àwọn àti ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin gbé ìwé kiri àwọn erékùṣù náà. Ó lé ní 21,000 ènìyàn tó tọwọ́ bọ̀ ọ́ pé àwọn kò fẹ́ kí Amẹ́ríkà gba ilẹ̀ àwọn. Wọ́n gbé e dé Washington, àdéhùn tí wọ́n fẹ́ fi gba ilẹ̀ náà kò sì rí ìbò tó. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n gba ọ̀nà mìíràn gbà á. Ní 1993, ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé, ni Amẹ́ríkà tó tọrọ àforíjì. Ìjọ United Church of Christ, tó ti ara ìjọ àwọn míṣọ́nárì yẹn jáde, ti ṣáájú wọn tọrọ tirẹ̀ lọ́dún kan náà.

Nítorí náà, bí ọ̀gá bá ń béèrè aloha lọ́wọ́ ọmọṣẹ́ nìkan, tí òun kò ní í lọ́wọ́, ìpolówó ọjà ni. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tí àwa náà ti jẹ́ ọ̀gá. Ọmọ tó ń bá wa gbélé, tó ń fọ abọ́, ń kúnlẹ̀ kí wa láràárọ̀. A mọ̀ pé ọmọdé ló ń kọ́kọ́ kí àgbà. Kí ni a fi ń dá a lóhùn?

Ìbéèrè fún ìjíròrò:

1. Ta ni a máa ń dá lóhùn láìgbójú sókè, lẹ́nu iṣẹ́ wa tàbí nínú ilé?

2. Bí ọ̀gá kan bá jẹ arábìnrin wa ní owó oṣù mẹ́ta, tó sì ń wí fún un pé Kristẹni a máa ní sùúrù, kí ni ẹgbẹ́ wa lè bá a kọ sínú lẹ́tà?