Gba Ọ̀nà Tààrà, Àbúrò Mi

Àbúrò mi, mo mọ̀ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń ṣẹ̀ wá lóòótọ́. Lọ́jọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí àwọn okùn íńtánẹ́ẹ̀tì tó gba abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ní Ìlọrin lè ṣe sí i. Ṣùgbọ́n ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Lọ́jọ́ tó kù, tí ojú ìwé kan bá ń yí bírí lórí fóònù rẹ ní Tánkẹ̀, tí o sì ń pòṣé, ohun tí ò ń dúró dè kì í sábà jẹ́ ọ̀rọ̀ tí o fẹ́ kà. Ìpolówó ni, fídíò tó ń bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni, àwòrán ńláńlá ni. Ìwọ lò ń san owó dátà gbogbo wọn. Láti oṣù kìíní 2025 tí àjọ NCC ti gbà kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù fi owó tó tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún iye tí wọ́n ń gbà, ó máa ń dùn mí tí mo bá rí ọmọbìnrin tí dátà rẹ̀ ń bá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ.

Èyí tó jẹ mí lógún jù nìyí: má ṣe máa kọ gbogbo nǹkan sínú Google, kí o wá tẹ èyí tó bá kọ́kọ́ yọjú. Ìyá tó fẹ́ wo èsì JAMB ọmọ rẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ san owó ilé ìwé náà ń ṣe é. Èyí tó wà lókè pátápátá lè jẹ́ ìpolówó. Ó sì lè jẹ́ ìkànnì ẹni tó kàn fẹ́ gba nọ́ńbà fóònù àti NIN rẹ. Ìparí àdírẹ́ẹ̀sì ni kí o máa wò. Ti ìjọba máa ń parí sí .gov.ng, ti ilé ìwé máa ń parí sí .edu.ng, wọn kì í sì í fi méjèèjì fún ẹni tó bá ṣáà ti lówó lọ́wọ́. Ti JAMB ni jamb.gov.ng, ti Yunifásítì Ìlọrin ni unilorin.edu.ng. Fi ọwọ́ ara rẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, tẹ àmì róbótó kéékèèké mẹ́ta tó wà ní igun òkè Chrome, kí o sì fọwọ́ kan ìràwọ̀ tó wà níbẹ̀. Nígbà mìíràn, tí o bá ti tẹ lẹ́tà méjì mẹ́ta, Chrome á parí ìyókù fún ọ.

Tí o bá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà lórí ìkànnì Yunifásítì ṣùgbọ́n o kò mọ ibi tó wà, kọ site:unilorin.edu.ng sínú Google, fi àlàfo díẹ̀ sí i, kí o wá kọ ohun tí ò ń wá. Google kò ní kó ti ibòmíràn wá bá ọ. Bí ìkéde náà bá sì gùn, má fi àtàǹpàkò fà á títí ọwọ́ á fi máa ro ọ́. "Find in page" wà nínú àmì mẹ́ta yẹn. Lórí kọ̀ǹpútà, Ctrl àti F ni. Kọ orúkọ ẹ̀ka rẹ síbẹ̀, á gbé ọ débẹ̀.

Jọ̀wọ́, máa pa àwọn tab rẹ dé. Lórí fóònù Android, tí wọ́n bá ti kọjá 99, Chrome kì í ka iye wọn mọ́, àmì ẹ̀rín :D ló máa ń kọ síbẹ̀. Fóònù kékeré kò lágbára láti gbé gbogbo ìyẹn. Tí o bá ṣèèṣì pa èyí tí o ṣì nílò lórí kọ̀ǹpútà, Ctrl, Shift àti T á dá a padà. Ìkànnì tó bá sì bi ọ́ bóyá kí òun máa fi ìròyìn ránṣẹ́ sí ọ, sọ pé "Block".

Àwa tí a lo Nokia kò lè gbàgbé Opera Mini. Ohun tó mú un yá ni pé ó máa ń kọ́kọ́ gbé ojú ìwé lọ sórí kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ Opera, wọ́n á fún un mọ́ra níbẹ̀, kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ sí ọ. Ó ṣì ń dín dátà kù títí dòní, ó sì ń dí ìpolówó lọ́nà. Má wá irú rẹ̀ nínú Chrome, Google ti yọ Lite mode kúrò ní 2022. Opera Mini dára fún kíka ìròyìn àti ọ̀nà tí a ń gbà se oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Má jẹ́ kó gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn kọjá, app báńkì rẹ ni kí o lò.

Kí o tó wọkọ̀ lọ sí Malété, ṣí ohun tí o fẹ́ kà nílé, tẹ àmì mẹ́ta náà, kí o tẹ ọfà tó kọjú sísàlẹ̀. Ojú ìwé náà á wà nínú Downloads, wàá kà á lójú ọ̀nà láìsí dátà.

Tó bá sì di pé o ní láti lo kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn ní káfé, ṣí Chrome, kí o tẹ Ctrl, Shift àti N kí o tó ṣe ohunkóhun. Fèrèsé tó máa ṣí yẹn kì í tọ́jú ibi tí o lọ lẹ́yìn tí o bá ti pa á. Tí kọ̀ǹpútà náà bá bi ọ́ bóyá kí òun fi password rẹ pamọ́, dákun, má gbà. Jáde kúrò nínú ìkànnì náà, pa fèrèsé náà dé, kí o tó dìde fún ẹni tó kàn.