Ẹrù Tí A Kò Tú ní Ibodè: Ẹ̀kọ́ fún Tọkọtaya



Ẹnikẹ́ni tí ó bá gba Sèmè kọjá lọ sí Àjàṣẹ́ mọ̀ pé àwọn aṣọ́bodè a máa béèrè ohun tí ń bẹ nínú ẹrù. Ìgbéyàwó pẹ̀lú ní ibodè tirẹ̀. Nínú Ìjọ wa, a máa ń kéde orúkọ àwọn tí ń fẹ́ ara wọn ní ọjọ́ ìsìn mẹ́ta. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó gan-an, àlùfáà a sì tún pàṣẹ fún àwọn méjèèjì pé bí wọ́n bá mọ ìdènà kan, kí wọ́n jẹ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ó ń fi etí lásán gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí.

Ní ọdún 2010, Lọlá Shónẹ́yìn tẹ ìwé ìtàn àròsọ kan jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, lórí àwọn aya Bàbá Sẹ̀gi ní Ìbàdàn. Bọ́láńlé, ẹni tí ó ti kàwé jáde ní yunifásítì, wọ ilé náà gẹ́gẹ́ bí ìyàwó kẹrin. Ó bá ìyálé mẹ́ta àti ọmọ méje níbẹ̀. Nígbà tí kò lóyún, ọkọ rẹ̀ mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣègùn ní kí a yẹ ọkọ náà wò. Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú: ọkùnrin náà kò lè bímọ, kò sì sí ọ̀kan nínú ọmọ méje náà tí í ṣe tirẹ̀. Láàárín èyí, a ti fi májèlé sí oúnjẹ fún ìyàwó tuntun. Sẹ̀gi, ọmọ ìyálé àgbà, ni ó jẹ ẹ́, ó sì kú.

A kò gbọdọ̀ sáré dá àwọn obìnrin wọ̀nyí nìkan lẹ́bi. Nínú ilé tí ọkọ kò ti lè rò ó láé pé ọ̀dọ̀ òun ni àléébù wà, ìbẹ̀rù orúkọ àgàn lè ti aya sínú ẹ̀ṣẹ̀. Bọ́láńlé pàápàá gbé ẹrù wọlé: a ti fi ipá bá a lò pọ̀ nígbà èwe rẹ̀, kò sì rí ẹni tí yóò sọ ọ́ fún. Èyí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, ọgbẹ́ ni; àwa tí a wà ní Ìjọ ni ó yẹ kí a ní etí tí ó lè gbọ́ irú rẹ̀ láìdójú ti ẹni tí ń sọ ọ́.

Ẹ ka Jẹ́nẹ́sísì orí 20 àti orí 26. Ábúráhámù sọ pé arábìnrin òun ni Sárà. Ní Gérárì kan náà, Ísáákì sọ ohun kan náà nípa Rèbékà. Ohun tí bàbá fi pamọ́ di ogún ọmọ.

Ìbéèrè fún àwọn olùkọ́:
1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀ṣẹ̀ tí a bò mọ́lẹ̀ àti ọgbẹ́ tí a kò rí ẹni sọ fún?
2. Bí ọmọ bá pẹ́ dé, èé ṣe tí a fi ń kọ́kọ́ bi aya léèrè?
3. Kí ni ó yẹ kí àwọn àfẹ́sọ́nà sọ fún ara wọn kí ìkéde kìn-ín-ní tó wáyé?

Kí Olúwa fún ilé wa ní òtítọ́ àti àlàáfíà. Àmín.