Ohun Tí Ọmọ Mú Wá àti Ohun Tí Ó Bá Nínú Ilé-Ọlẹ̀

Ọpẹ́ àti ẹyìn ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó ń mọ ẹ̀dá nínú òkùnkùn ilé-ọlẹ̀ láìsí àtùpà. Kí ikẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀ lápapọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, a gba ara wa àti ẹ̀yin náà ní ìyànjú ìbẹ̀rù Ọlọ́hun, pàápàá lórí ọ̀rọ̀ ẹni tí kò tíì lè sọ̀rọ̀ fún ara rẹ̀, èyí ni ọmọ tí ó wà nínú oyún.

Nínú hádíìsì tí Abu Hurayrah gbà wá, ọkùnrin ará oko kan tọ Ànábì wá pẹ̀lú ìfura: ìyàwó rẹ̀ bí ọmọ dúdú, kò sì rí àwọ̀ ara rẹ̀ lára ọmọ náà. Ànábì kò pe obìnrin náà lẹ́jọ́. Àwọn ràkúnmí ọkùnrin náà ni ó béèrè. Pupa ni wọ́n, ṣùgbọ́n eléèérú wà láàrin wọn. Nígbà tí a bi í níbi tí àwọ̀ yẹn ti wá, òun fúnra rẹ̀ ni ó dáhùn pé bóyá ìran àtijọ́ kan ni ó fà á. Ànábì sì fi yé e pé bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọmọ rẹ̀ rí. Kò sí ẹ̀sùn kankan mọ́ tí ọkùnrin náà yóò fi kan ìyàwó rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti wo ohun tí ó fara pamọ́ yẹn. Nígbà tí àtọ̀ bá pàdé ẹyin, ọkùnrin mú kúrómósóòmù 23 wá, obìnrin mú 23 wá, wọ́n di 46. Lórí wọn ni jíìnì wà, èyí tí a lè pè ní ogún ara tí òbí fi lé ọmọ lọ́wọ́. Ohun tí ó wá láti ọ̀dọ̀ òbí kan lè bo ti èkejì mọ́lẹ̀, kí ó máa wà níbẹ̀ láìhàn títí di ìran mìíràn. (A ó fi èyí kún un fún àwọn ọkọ tí ń bá ìyàwó jà nítorí pé obìnrin ni ó ń bí ṣáá: àtọ̀ ọkùnrin ni ó ń pinnu bóyá ọmọ yóò jẹ́ akọ tàbí abo.)

Èyí tí ó kàn wá jù ní ilẹ̀ Nàìjíríà ni jíìnì tí ó ń ṣe pupa ẹ̀jẹ̀. Àyípadà kékeré kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ni ó ń fa àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹni tí ó gba èyí tí ó dára láti ọ̀dọ̀ òbí méjèèjì ni à ń pè ní AA. Ẹni tí ó gba ọ̀kan tí ó dára àti ọ̀kan tí ó yí padà ni AS. Ara rẹ̀ le, ó ń ṣiṣẹ́, kò sì sí ohun tí ó lè sọ fún un àfi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Bí ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin bá jókòó, ó súnmọ́ kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ AS. Ẹni tí ó gba èyí tí ó yí padà lọ́wọ́ bàbá àti lọ́wọ́ ìyá ni SS: ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a máa tẹ̀ bí dòjé, a máa dí ojú iṣan, a sì máa fa ìrora tí ẹnu kò lè ròyìn.

Nígbà tí AS bá fẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS. Ẹ ṣe àkíyèsí pé oyún kọ̀ọ̀kan ni a wí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí àkọ́bí bá ti jẹ́ SS, àwọn mẹ́ta tí ń bọ̀ ti yè bọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oyún kì í ka iye tí ó ti ṣáájú rẹ̀.

Kí ló dé tí irú nǹkan báyìí fi pọ̀ láàrin wa? Ibà ni. Ọmọ kékeré tí ó jẹ́ AS kì í sábà kú ikú ibà líle bíi ti AA. Nítorí náà, láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àwọn AS ti ń dàgbà, tí wọ́n ń bímọ, tí wọ́n sì ń fi jíìnì náà lé ọmọ lọ́wọ́. Ẹ̀fọn ilẹ̀ wa ni ó kọ ọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ wa.

A kò lè ya ogún ara sọ́tọ̀ kúrò lára ibùgbé, ilé-ọlẹ̀ pàápàá sì jẹ́ ibùgbé. Ọmọ SS kì í ṣe àìsàn yìí nínú oyún, nítorí pé irú pupa ẹ̀jẹ̀ mìíràn ni ọlẹ̀ ń lò, èyí tí kì í tẹ̀. A ó bí i ní rọ̀bọ̀tọ̀, a ó sọ ọ́ lórúkọ, a ó pa àgbò. Ní nǹkan bí oṣù márùn-ún sí mẹ́fà, ẹ̀jẹ̀ ti inú oyún ti ń tán lára rẹ̀. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í wú, igbe a sì gba ilé. Ìgbà náà ni ẹbí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí ó ṣe é. A mọ tọkọtaya kan tí ọmọ méjì kú mọ́ lọ́wọ́. Àbíkú ni wọ́n pe àwọn ọmọ náà, àjẹ́ ni wọ́n pe ìyá wọn, wọ́n sì lé e kúrò nílé kí ẹnikẹ́ni tó rántí láti yẹ ẹ̀jẹ̀ ọkọ wò. AS ni àwọn méjèèjì. Ọdún mẹ́sàn-án ni obìnrin náà fi ru ẹ̀sùn tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ibà kan náà kì í fi aboyún sílẹ̀. Kòkòrò rẹ̀ a máa sápamọ́ sínú ibi ọmọ, níbi tí oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ ti ń kọjá sọ́dọ̀ ọmọ, ọmọ náà a sì kéré ní ìwọ̀n nígbà ìbí. Ìyá lè má mọ̀ pé ibà wà lára òun. Ìdí nìyí tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń fún aboyún ní oògùn SP láti oṣù kẹrin, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹta, kí oṣù kan sì wà láàrin ìkọ̀ọ̀kan. Àwọ̀n ẹ̀fọn tí wọ́n fún un, bàbá ilé ni kí ó so ó. Ti fólíìkì ásíìdì kò gùn: ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ ti ń pa ojú dé ní nǹkan bí ọjọ́ 28 lẹ́yìn tí oyún bá ti dúró, nígbà tí ìyá fẹ́rẹ̀ẹ́ má tíì mọ̀. Kí oyún tó dé ni kí obìnrin ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó.

Ní ìgbà òtútù 1944 sí 1945, àwọn ọmọ ogun Jámánì dí ọ̀nà oúnjẹ mọ́ ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Netherlands, ebi sì pa aboyún. Àwọn ọmọ náà dàgbà. Ní 2008, àwọn onímọ̀ gbé èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wọn jáde. Lórí jíìnì kan tí ó jẹ mọ́ ìdàgbà, àwọn àmì kékeré tí ara fi ń ṣí jíìnì tàbí tí ó fi ń tì í dín kù lára àwọn tí ebi bá ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún, ju ti àwọn ọmọ ìyá wọn lọ. Jíìnì kò yí padà. Ọ̀nà tí ara gbà ń lò ó ni ó yí, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ọgọ́ta ọdún.

Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí kò ní kẹ́gàn ààyè tí Ṣàríà fún aboyún tí ó ń bẹ̀rù fún ara rẹ̀ tàbí fún ọmọ inú rẹ̀, pé kí ó má gba ààwẹ̀ Rámàdáànì ní àkókò yẹn. Ìyá ọkọ a máa wí pé òun gba ààwẹ̀ nínú oyún mẹ́fà. Ara rẹ̀ gbà á ni. Kì í ṣe òfin fún ìyàwó ọmọ rẹ̀.

Láti Jímọ̀ tí ń bọ̀, ìgbìmọ̀ mọ́sáláṣí yìí kò ní dá ọjọ́ yìgì fún ẹnikẹ́ni kí a tó rí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ọkọ àti ìyàwó, láti ilé àyẹ̀wò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí pé a ti rí èsì tí ó pe AS ní AA. A kò sọ pé a ó fi agbára ya AS méjì tí wọ́n mọ̀ tí wọ́n sì yàn bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n mọ̀ ni a ń fẹ́, kí ìfẹ́ tó wọ̀ wọ́n lára débi tí etí kò ní gbọ́ mọ́, kí ó má sì sí ẹni tí yóò pe ìyàwó ní àjẹ́ lọ́la. Akọ̀wé wa yóò máa gba èsì náà lẹ́yìn ìrun Àlàásárì ní ọjọ́ Àbámẹ́ta.