Òórùn Ìtọ̀ Ológbò Lára Kápẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin ìyá àti arábìnrin wa, lọ́fínńdà kì í pa òórùn ìtọ̀ ológbò, ó kàn ń bò ó ni. Irú iyọ̀ kan wà nínú ìtọ̀ náà tí kì í tètè yọ́ nínú omi. Bí ọ̀rinrin òjò bá dé, yóò tún máa rùn níwájú àlejò. Ẹ má da bílíìsì sí i o! A ṣe é rí, ikọ́ ni a wú jáde síta. Èéfín rẹ̀ léwu.

Bí ó bá ṣì tutù, ẹ fi àkísà gbígbẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ má ra á. Ẹ da fínígà pọ̀ mọ́ omi ní ìwọ̀n kan náà, ẹ dán an wò ní kọ̀rọ̀ kan kí àwọ̀ má baà ṣí, kí ẹ tó rin ín dé ìsàlẹ̀. Bí ó bá gbẹ, ẹ bu sódà tí a fi ń ṣe kéèkì lé e títí di òwúrọ̀, kí ẹ gbá a kúrò.

Èyí tó ti pẹ́, ọṣẹ olómi tó ní ẹ́ńsáìmù ló ń tú u. Bí fóòmù ìsàlẹ̀ bá ti mu ún, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, torí ibi tó bá ṣì ń rùn ni ológbò yóò padà sí.