Ẹ̀tọ́ Tí Ara Ní Lórí Akẹ́kọ̀ọ́

Bí ìdánwò bá ti sún mọ́lé, ọmọ tó jókòó pẹ́ jù nídìí ìwé ni a máa ń yìn. Èyí tó bá dìde na ẹsẹ̀, a ó ní ó ń sá fún ẹ̀kọ́. Ǹjẹ́ òótọ́ ni?

Ọkàn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀. Bí a bá ń rìn, iṣan ẹsẹ̀ a máa ràn án lọ́wọ́ láti ti ẹ̀jẹ̀ náà padà sókè. Ẹni tó ká ẹsẹ̀ jókòó lórí ẹní fún wákàtí mẹ́ta ti dá iṣẹ́ yẹn dúró. Ìdí nìyí tí ẹsẹ̀ fi ń wú tàbí kú, tí ẹ̀yìn ń ro ni, tí oorun sì ń kun ojú.

Ní ọdún 1953, Dókítà Jerry Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde nípa àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ní ìlú Lọ́ńdọ́nù. Awakọ̀ ń jókòó. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń gun àtẹ̀gùn lọ sókè sódò. Wọ́n rí i pé àrùn ọkàn ń mú àwọn awakọ̀ ju àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ lọ.

Ẹ̀sìn wa náà kò fi ara ṣeré. Nígbà tí Abdullahi ọmọ Amru ń gbààwẹ̀ lójoojúmọ́, tó sì ń fi gbogbo òru kírun, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) rán an létí pé ara rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Bí ìjọsìn bá ní ìwọ̀n, ìwé kíkà náà ní.

Ohun tí a lè ṣe nìyí:

1. Bí o bá ti jókòó tó 30 ìṣẹ́jú, dìde. Máa rìn bí o ti ń ka ohun tí o ń há sórí.

2. Fúnra rẹ pọn omi àlùwàlá, kí o sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí mọ́sálásí.

3. Ẹ̀yin òbí, lẹ́yìn ìrun Aláásárì, ẹ jẹ́ kí ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin sáré, kí wọ́n fo okùn, kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù. Ní ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa ní 60 ìṣẹ́jú irú eré bẹ́ẹ̀ lóòjọ́. Kí àgbà má dín ní 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀.

Ọmọ tó dìde fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kò sá fún ẹ̀kọ́. Ó ń tọ́jú ara tí yóò fi kọ́ ọ dé òpin ni. Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ àti àlàáfíà jíǹkí wa. Àmín.