Dùùrù ló kọ́, iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ló fi jẹun: Ẹ wo Howard Scott

Ẹ̀yin oníṣòwò wa n'Ílaròó, Ayétòrò àti gbogbo ilẹ̀ Yewa, bí iṣẹ́ téèyàn kọ́ kò bá mówó wọlé tó, ṣé kó pa á tì ni? Ìbéèrè yìí kan àwọn tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n ń rò ó láti ṣí sítúdíò. Ẹ jẹ́ ká wo Howard Scott, ará Amẹ́ríkà tí wọ́n bí lọ́dún 1920.

Dùùrù ni Scott kọ́ nílé-ẹ̀kọ́ orin Eastman, irú orin Bach tí wọ́n ń wo ìwé tẹ̀. Lọ́dún 1946, ó wọṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Columbia. Nígbà náà, ojú kan àwo kì í gbà ju orin nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Ńṣe ni wọ́n máa ń gé orin gígùn sórí àwo bíi mélòó kan. Columbia wá ń ṣe àwo tuntun, LP, tí ojú kan rẹ̀ gba ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe máa so àwọn orin tí wọ́n ti gé pọ̀, tí etí kò fi ní mọ̀?

Ẹ̀rọ nìkan kò lè ṣe é, ó gba ẹni tó mọ ìwé orin kà. Scott á mú ìwé orin dání, á máa fojú bá a lọ bí àwo kan ṣe ń yí. Tó bá kù díẹ̀ kó tán, á fìka ta pàá, àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ á sì dá èkejì sílẹ̀. Lọ́dún 1948, LP jáde.

Nígbà tó yá, òun gan-an ló ń darí bí wọ́n ṣe ń gba orin sílẹ̀. Òun ló wà nídìí Goldberg Variations tí Glenn Gould, ọmọ Kánádà ẹni ọdún 22, tẹ̀ lọ́dún 1955. Rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn tà bí ẹní ta àkàrà.

Owó oṣù ni Scott ń gbà o. Ọ̀nà mìíràn ni Hárúnà Ìṣọ̀lá, ọmọ Ògùn tiwa tó ń kọ àpàlà, gbà: òun àti I.K. Dairo dá Star Records sílẹ̀ lọ́dún 1969. Ìyẹn gba owó gidi. Etí ni ti Scott gbà.

Ẹni tí kò tíì lówó ẹ̀rọ, kó tó lọ yáwó nílé aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ tọ onísítúdíò kan lọ, kó ní òun fẹ́ máa bá a gbọ́ orin kó tó jáde. Kí wọ́n jọ dá iye tó máa gbà lórí orin kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ kíṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.